Ta Ni Yóò Ru Omi Ẹ̀rọ? Bí A Ṣe Ṣètò Eré Steampunk Kan Lórí Ogun Àgbáyé Kìíní

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1917, ọkọ̀ òfuurufú Zeppelin kan, ìyẹn ọkọ̀ alápò gáàsì ńlá ti àwọn Jámánì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ L59 gbéra ní Jamboli, ní ilẹ̀ Bọ̀gáríà, ó kọjú sí Áfíríkà. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 226. Ẹrù inú rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 15: ìbọn arọ̀jò-ọta, ọta, oògùn, báńdéèjì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gágun Jámánì kan, Paul von Lettow-Vorbeck, ni wọ́n rán an lọ, ní apá ìlà oòrùn Áfíríkà tí à ń pè ní Tanzania lónìí, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ká ọ̀gágun náà mọ́. Wọn kò retí pé kí ọkọ̀ náà padà wá. Tó bá ti balẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa tú u palẹ̀: aṣọ ara rẹ̀ á di àgọ́, awọ tí wọ́n tẹ́ sí ọ̀nà ìrìnsẹ̀ inú rẹ̀ á di bàtà, egungun rẹ̀ á di òpó wáyálẹ́ẹ̀sì. Ó kọjá lórí Íjíbítì, ó wọ Sudan, ó ti dé ìwọ̀ oòrùn Khartoum kí iṣẹ́ tó dé láti Jámánì lóru mọ́jú ọjọ́ 23 pé kó yí padà. Wákàtí 95 ló lò lófuurufú kó tó tún balẹ̀ sí Jamboli, ó sì ti rin ohun tó lé ní kìlómítà 6,700.

Ibẹ̀ la ti mú ìtàn eré wa. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣeré: tíṣà ìtàn kan tó dàgbà jù nínú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì kan, ọmọkùnrin kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, àbúrò mi obìnrin, àti èmi tí mo jẹ́ adarí. Roleplay ni irú eré bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Kóówá a mú ènìyàn kan nínú ìtàn, a máa sọ ohun tí ẹni náà ṣe, adarí a sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá, a ó sì ju dáìsì níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le. Ìwé, bírò àti àwòrán ilẹ̀ lórí tábìlì ló tó wa. Lọ́tẹ̀ yìí, steampunk ló wù wá, ìyẹn ayé tí ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ti jọba, tí gbogbo nǹkan látorí ọkọ̀ òfuurufú dórí kẹ̀kẹ́ ẹrù ní bọ́ílà àti páìpù idẹ, tí wọ́n ń tú èéfín, tí wọ́n sì ń súfèé.

Mo kọ èyí nítorí ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú eré náà ká kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lórí ogun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, tí òkú rẹ̀ kì í ṣe òkú inú àlọ́, yóò bá ọ̀rọ̀ yẹn pàdé bó pẹ́ bó yá.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ fi òfin lélẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo la lè yí padà nínú ìtàn, kí gbogbo ìyókù máa ti inú ohun kan náà jáde. Mo fara mọ́ ọn gan-an, nítorí mo ti rí i pé eré irú èyí máa ń bàjẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń fi ohun tó wù ú kún un: tibí mú ìbọn mànàmáná wá, tọ̀hún mú oṣó wá, kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, kò sí ogun mọ́. Ohun tí a yí padà ni pé ẹ̀rọ elépo bẹntiróòlù kò gbérí. Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ná lé e lórí ní ayé gidi, bọ́ílà kékeré tó fúyẹ́ ni wọ́n ná an lé lórí ní ayé tiwa. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1852, ará Faransé kan, Henri Giffard, ti fi ẹ̀rọ ooru omi darí ọkọ̀ alápò gáàsì láti Paris dé ẹ̀gbẹ́ Trappes, bíi kìlómítà 27. Àwa kàn ní kí iṣẹ́ rẹ̀ má dúró síbẹ̀ ni.

L59 tó wà ní ayé gidi, ẹ̀rọ Maybach márùn-ún tó ń mu bẹntiróòlù ló gbé e. Tiwa ń mu omi. Ọkọ̀ tó bá ń mu omi kò lè fò ní wákàtí 95 láì dúró, àfi kó balẹ̀ síbi odò kan kó pọn omi kún inú. Ìdí nìyẹn tó fi balẹ̀ lóru sí etí odò Náìlì. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó balẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ká wáyà gígùn tí wáyálẹ́ẹ̀sì ń lò, tó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ ọkọ̀, wọlé. Ìgbà tí wáyà wà ní kíká ni iṣẹ́ "ẹ padà" kọjá lọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ. Ọkọ̀ ń bá tirẹ̀ lọ sí gúúsù. Ohun kan la yí, èkejì tẹ̀lé e fúnra rẹ̀. Inú Ẹ̀gbọ́n dùn sí ibẹ̀ ju ibikíbi lọ nínú gbogbo ìpèsè wa.

Ó wá dé. Ó balẹ̀ sórí òkè Makonde, ní gúúsù Tanzania, ó bá ibẹ̀ ní òfo. Lettow-Vorbeck ti kó ènìyàn rẹ̀ lọ sí odò Ruvuma láti wọ ilẹ̀ àwọn Potogí tí à ń pè ní Mozambique lónìí, bó ṣe wọ̀ ọ́ gan-an ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ẹrù tọ́ọ̀nù 15 wà nínú koríko, Jámánì ń wá a, Gẹ̀ẹ́sì ń wá a. Lára àwọn tó wà lágbègbè náà ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà, bataliọ̀nù mẹ́rin tó wọkọ̀ òkun láti Èkó ní ìparí 1916. Ebi ti pa wọ́n ní àfonífojì odò Rufiji nígbà òjò 1917, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ìjà Mahiwa tó wáyé láti ọjọ́ 15 dé 18 oṣù Kẹwàá, ọ̀kan nínú àwọn ìjà tó gbóná jù ní apá ibẹ̀.

Ìbéèrè tí eré náà dá lé lórí ni pé: báwo ni ẹrù yìí ṣe máa kúrò níbẹ̀?

Ọmọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ló kọ́kọ́ dáhùn, ó sì dáhùn dáadáa. Ó ya ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà kan sórí ìwé, ó pè é ní Alákàn. Bọ́ílà rẹ̀ wà láàárín, ẹsẹ̀ mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, ààyè ẹrù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ya gbogbo ọ̀pá, gbogbo fáàfù. Ó tilẹ̀ fi ìdè òjé sí òrùlé ààyè iná, èyí tó máa ń yọ́ bí omi bá lọ sílẹ̀ jù, kí ooru lè rọ́ wọ inú iná kó sì pa á kí bọ́ílà tó bú gbàmù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́ílà lóòótọ́ nìyẹn. Alákàn kan á gbé tọ́ọ̀nù márùn-ún.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, mẹ́ta péré, ẹrù ti délé. A ò nílò aláàárù kankan mọ́."

Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Àwọn aláàárù wá lọ síbo?"

"Wọ́n wà nílé wọn. Ṣé ìyẹn kò dáa ni?"

Inúure ló fi sọ ọ́. Síbẹ̀, gbólóhùn yẹn ni àárín wa fi dàrú, tí a kò fi lè tẹ̀síwájú títí a fi túká lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nínú ogun ìlà oòrùn Áfíríkà, ẹṣin àti ìbaaka kò pẹ́ kí wọ́n tó kú, nítorí eṣinṣin tsetse tó ń kó àìsàn ràn wọ́n. Ọ̀nà mọ́tò kò tó nǹkan, ọkọ̀ ojú irin kò sì dé ibi púpọ̀. Orí ènìyàn ni ẹrù ogun gùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan kó aláàárù tó súnmọ́ mílíọ̀nù kan ní gbogbo ọdún ogun náà, àwọn tó kú nínú wọn sì lé ní 90,000. Àìsàn, ebi àti iṣẹ́ àṣekú ló pa èyí tó pọ̀ jù, kì í ṣe ọta. Àwọn Jámánì náà kó tiwọn, àwọn tó kú lọ́dọ̀ wọn kò sì ní àkọsílẹ̀ tó gún régé. Àdúgbò Kariakoo ní Dar es Salaam, níbi tí ọjà ńlá wà lónìí, ara orúkọ ẹgbẹ́ aláàárù tó pàgọ́ síbẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ọ̀kan tún wà ní Nairobi tí wọ́n ń pè ní Kariokor.

Bí Alákàn bá rán gbogbo wọn lọ sílé, kí ló kù nínú eré? Ọ̀gágun òyìnbó méjì, ẹ̀rọ idẹ dáradára, àti igbó. Àwọn tó kú jù nínú ogun yẹn kò ní sí nínú ìtàn rẹ̀ rárá, a ó sì ti fi ẹ̀rọ tó rẹwà bò wọ́n mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju kí a má ṣe eré náà lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ọmọkùnrin náà kò gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní eré ni, ó ní ohun tó mú kí steampunk dùn ni pé ẹ̀rọ máa ń ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Àbúrò mi gbè é lẹ́yìn: "Àwa fúnra wa la ní kí ayé yìí yàtọ̀ o. Kí ló dé tí ìyà nìkan kò gbọdọ̀ yàtọ̀?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò sì fẹ́ fi ipò adarí tẹ ẹnikẹ́ni lórí ba.

Ẹ̀gbọ́n ló yanjú rẹ̀, ìtàn ló sì fi yanjú rẹ̀. Nígbà tí a tún pàdé, ó sọ fún wa nípa ọkọ̀ ojú omi kékeré méjì, Mimi àti Toutou, tí àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbé láti ilẹ̀ wọn lọ́dún 1915 lọ sí adágún Tanganyika, níbi tí ọkọ̀ àwọn Jámánì ti ń jẹ gàba. Ọkọ̀ ojú irin gbé wọn láti Cape Town dé Fungurume ní Kóńgò. Ibẹ̀ ni irin parí sí. Láti ibẹ̀, ẹ̀rọ méjì tó ń fa ẹrù, tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, àti ọ̀pọ̀ màlúù ló wọ́ wọn gun orí òkè Mitumba. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dé adágún. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì ọdún yẹn, wọ́n gba ọkọ̀ Jámánì tó ń jẹ́ Kingani; ní oṣù Kejì 1916, wọ́n ri ọkọ̀ Jámánì mìíràn, Hedwig von Wissmann.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ olóoru ti wà nínú ogun yẹn rí. Àmọ́ ibì kan dé tí omi kò sí. Bọ́ílà gbẹ. Ta lẹ rò pé ó pọn omi wá fún un?"

Àwọn obìnrin àwọn abúlé tó wà nítòsí ni. Wọ́n ru omi nínú ìkòkò lórí, láti odò tó jìnnà, wọ́n sì ń dà á sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dúró sójú ọ̀nà títí àwọn obìnrin fi dé.

Ọmọkùnrin wa kò sọ nǹkan kan. Ó fa ìwé Alákàn rẹ̀ sọ́dọ̀, ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Mo yẹ́ ẹ sí gan-an fún èyí, nítorí kò sí ẹni tó ní kó ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé omi tí bọ́ílà ń mu máa ń wúwo ju èédú tó ń jẹ lọ lọ́nà púpọ̀, àti pé igi gbígbẹ kò ní ju bí ìdajì ooru èédú lọ, nítorí náà ẹni tó bá ń dá igi nínú igbó á ru ìlọ́po méjì. Ó fi iye sí i fún òfin eré: Alákàn kan yóò mu lítà 40 omi ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tó bá rin kìlómítà 20 lóòjọ́, lítà 800 nìyẹn, pẹ̀lú nǹkan bíi kílò 250 igi. Ẹrù aláàárù kan jẹ́ kílò 25. Omi nìkan jẹ́ ẹrù 32, igi jẹ́ 10. Fún Alákàn mẹ́ta, ẹrù 126 lóòjọ́, níbi tí odò bá ti jìnnà.

A wá ṣírò apá kejì, ìyẹn tí kò bá sí ẹ̀rọ rárá. Tọ́ọ̀nù 15 pín sí kílò 25 jẹ́ 600 aláàárù. Ṣùgbọ́n aláàárù ń jẹun, bíi kílò kan lóòjọ́. Fún ìrìn ọjọ́ mẹ́wàá, kílò 10 nínú ohun tó rù, oúnjẹ ara rẹ̀ ni, kílò 15 péré ló kù fún ẹrù ogun. Ènìyàn 1,000 nìyẹn, kì í ṣe 600, a kò sì tíì sọ ohun tí wọ́n máa jẹ padà bọ̀.

Kí ni ìṣirò yìí fún wa? Ẹ̀rọ wúlò, ó dín ènìyàn kù gan-an. Ìyẹn dáhùn àbúrò mi: ìyà lè yàtọ̀ ní ayé tiwa, ó sì yàtọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò pa aláàárù rẹ́, ńṣe ló sọ ọ́ di ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí 1,000 ènìyàn bá ń ru ọta, tí ọgbọ̀n nínú wọn bá sá lọ, ogun kò ní dúró. Tí ọgbọ̀n nínú àwọn tó ń ru omi Alákàn bá jókòó sí etí odò, gbogbo rẹ̀ dúró nìyẹn. Látìgbà náà ni eré wa ti rí ẹsẹ̀ gbé.

Ìṣòro mìíràn yọjú nígbà tí ó kan kí kóówá mú ènìyàn tirẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ jẹ́ atọ́kọ̀ L59, ẹnì kan fẹ́ jẹ́ amí, ẹnì kan dókítà, ẹnì kan sájẹ́ǹtì nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà. Kò sí ẹni tó mú aláàárù. N kò bá wọn jà. Mo kàn sọ ọ́ di òfin pé kóówá yóò ní ènìyàn méjì: ẹni tó wù ú, àti aláàárù kan. Ènìyàn rẹ méjèèjì kò gbọdọ̀ wà ní apá kan náà, kí o má baà máa ru ẹrù ara rẹ. Aláàárù kò ní ìbọn. Ohun mẹ́ta ló ní lórí ìwé rẹ̀: ọ̀nà tó mọ̀, ọ̀rọ̀ tó gbọ́, àti ẹ̀tọ́ láti sá. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ ló lágbára jù, nítorí àwọn ọ̀gá máa ń sọ̀rọ̀ lójú aláàárù bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló kọ òfin àìsàn, ó sì kọ ọ́ kó le. Ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn, òtútù àyà. Èyí tó mú gbogbo wa ni ti jìgá. Jìgá kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun lè rìn ní apá ibẹ̀ lóòótọ́. Nínú òfin rẹ̀, ẹni tí kò bá fi abẹ́rẹ́ yọ jìgá ẹsẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó bá di alẹ́ kẹta, ìrìn rẹ̀ dín kù sí ìdajì. Ó fi kún un pé èèyàn kò lè rí abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa nínú òkùnkùn, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bá a yọ ọ́. Bí ẹni tó bá ẹ jà lọ́sàn-án bá jẹ́ ẹni tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ lálẹ́, ẹ ó parí ìjà.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà. Kò sí ẹni tó lè mú Lettow-Vorbeck tàbí ọ̀gágun gidi mìíràn ṣeré. Lẹ́tà wọn nìkan ló lè dé. Àbúrò mi fẹ́ kí sájẹ́ǹtì tirẹ̀ máa sọ Yorùbá pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n ní rárá o, Yorùbá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Haúsá ni èdè tí wọ́n fi ń darí ẹgbẹ́ náà, ará Òkè Ọya ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà sájẹ́ǹtì rẹ̀ ní láti ju dáìsì kó tó gbọ́ àṣẹ yé nígbà tí ìjà bá le, tó bá sì kan àwọn aláàárù, Kìswahílì ni. Ó bínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí i pé òun ni yóò máa rí ọ̀rọ̀ aṣojú àti ògbufọ̀ sọ jù.

A dán an wò lẹ́ẹ̀kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Alákàn kìíní ń gun òkè, omi bọ́ílà ti lọ sílẹ̀, àwọn apọnmi sì wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Atọ́kọ̀, tí nọ́ọ̀sì ń ṣe, pàṣẹ kí wọ́n máa lọ láì dúró. Aláàárù àbúrò mi sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ lánàá pé àpótí iyọ̀ wà nínú ẹrù ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ti jẹun láì níyọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń rìn. Kí wọ́n ṣí àpótí. Atọ́kọ̀ ní ẹrù ìjọba ni. Aláàárù ní ìjọba wo? Ọmọkùnrin wa, tó wà nídìí ẹ̀rọ, ń ka ìwọ̀n omi fún wọn sókè láàárín àríyànjiyàn náà: ìdá mẹ́ta, ìdá kan. Ìdè òjé yọ́. Ooru rọ́ wọ inú iná, Alákàn kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, ọjọ́ kan gbáko sì lọ kí wọ́n tó rí òjé mìíràn yọ́ sí i. Òjé náà, ọta ìbọn ni wọ́n yọ́. Àpótí iyọ̀ di ṣíṣí.

N kò kọ ìyẹn sínú ètò eré. Òfin omi ló bí i.

Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1918 ni eré yóò parí, bó ti wù kó rí, nítorí ọjọ́ yẹn ni Lettow-Vorbeck jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní Abercorn, ìlú tí wọ́n ń pè ní Mbala ní Zambia lónìí, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ogun ti parí ní Yúróòpù. A ti gbà pé ìjókòó tó kẹ́yìn kò ní jẹ́ ti àwọn ọ̀gá. Ọjọ́ owó ni yóò jẹ́. Aláàárù kọ̀ọ̀kan yóò wá síwájú tábìlì akọ̀wé ìjọba láti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, èmi ni n ó sì jẹ́ akọ̀wé náà, pẹ̀lú ìwé tí orúkọ wọn lè wà nínú rẹ̀ tàbí kó má sí. Ọ̀pọ̀ aláàárù ni owó wọn kò dé ọwọ́ wọn tàbí ọwọ́ ẹbí wọn lẹ́yìn ogun gidi. Bóyá yóò dé ní ayé tiwa, ọwọ́ àwọn tó ń ṣeré ló wà, àti ohun tí wọ́n bá ti fi omi gbà láàárín ọ̀nà.

Ohun tó kù ni àwòrán ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń ya odò Ruvuma àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sórí páálí ńlá kan, ọmọkùnrin wa sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sàmì sí gbogbo ibi tí omi ti máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí Alákàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá.